MBA Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ Mọ Ẹni Tẹ́ẹ Fẹ́ Fi Sátífíkéètì Hàn Kẹ́ẹ Tó Sanwó

Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé èèyàn lè jókòó sílé gba MBA, ìyẹn dígírì kejì nínú ìmọ̀ òwò, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé "èwo lowó ẹ̀ kéré jù?" Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú o. Ta lẹ fẹ́ fi ìwé yẹn hàn tẹ́ẹ bá gbà á tán? Torí MBA kan wà tí ọ̀gá yín ní báńkì máa gbà tọwọ́tẹsẹ̀, tẹ́ẹ bá gbé e dé iléeṣẹ́ ìjọba wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, òmíì sì wà tí wọ́n máa kà sí ní Kánádà àmọ́ tẹ́ẹ bá ní kẹ́ẹ fi wọ PhD ní yunifásítì tó wà lẹ́yìnkùlé yín, wọn ò ní dá yín lóhùn. Owó tẹ́ẹ máa ná àti oorun tẹ́ẹ máa pàdánù, orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

1. Ẹni tó máa gba ìwé náà

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lẹ wà, tí iléèwé náà sì wà lókè òkun, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá ló ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ kàn sí wọn kẹ́ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kẹ́ẹ dárúkọ iléèwé yẹn gan-an fún wọn, kẹ́ẹ sì sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ kà á, torí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà.

Tó bá jẹ́ pé Kánádà lọkàn yín wà, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní WES ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò láti fi díwọ̀n ìwé wọn, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ wò ni bóyá orílẹ̀-èdè tí iléèwé yẹn wà gbà pé yunifásítì ni.

Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa nílé ló ń wo MBA bí ìwé àwọn òṣìṣẹ́, MSc ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbà yín fún PhD, ẹ lọ ka MSc.

Tó bá sì jẹ́ ibi iṣẹ́ yín lẹ fẹ́ lò ó, ẹ bi HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kẹ́ẹ jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn nínú ímeèlì, kì í ṣe lẹ́nu lásán. Lójú kan náà kẹ́ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè bá yín san lára owó ẹ̀. Iléeṣẹ́ tó máa san lè ní kẹ́ẹ tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ kà á dáadáa.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ńkọ́, tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó àti ọjà? Lójú tèmi o, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò MBA. Kó gba kọ́ọ̀sì kan lórí accounting àti ọ̀kan lórí marketing ní Coursera tàbí edX, àwọn wẹ́bùsáìtì téèyàn ti ń kọ́ kọ́ọ̀sì, kó fi owó yòókù kún ọjà. Oníbàárà ò ní bèèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹ̀.

2. Ẹ yẹ iléèwé náà wò dáadáa

Ẹ rántí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan ló lọ gba dígírì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, dígírì tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kà o, ó tún fi wọ àgùnbánirọ̀. Bí ìròyìn yẹn ṣe jáde ni ìjọba àpapọ̀ kéde lóṣù January pé àwọn ò yẹ ìwé tó wá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wò mọ́ títí ìwádìí á fi parí. Àwọn tó jókòó kàwé gidi níbẹ̀ náà fara gbá a. Òbítíbitì owó ni wọ́n ti san, ìwé wà lọ́wọ́, wọn ò wá rí ibì kankan gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kẹ́ẹ má jẹ́ kí ìkà ẹlòmíì jẹ yín níyà.

Tó bá jẹ́ iléèwé Nàìjíríà, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ní orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí lórí wẹ́bùsáìtì wọn, kẹ́ẹ sì ṣọ́ra níbí: pé yunifásítì kan ní ìfọwọ́sí láti kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá sí kíláàsì, kò túmọ̀ sí pé ó ní ìfọwọ́sí láti kọ́ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́tọ̀ ni NUC ń fọwọ́ sí ìyẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti wá orúkọ ẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé orúkọ àwọn yunifásítì ayédèrú jáde, ẹ wo ìyẹn náà.

Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, gbogbo iléèwé ló máa kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ní "accreditation", ìyẹn ìfọwọ́sí. Ta ló fún wọn? Àjọ kan wà tó jẹ́ pé àwọn ayédèrú fúnra wọn ló dá a sílẹ̀ láti máa fọwọ́ sí ara wọn. Orí wẹ́bùsáìtì U.S. Department of Education ni kẹ́ẹ lọ, ẹ tẹ orúkọ iléèwé síbẹ̀, kẹ́ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí ti CHEA, àjọ tó ń yẹ àwọn tó ń fúnni ní accreditation wò, tí ò bá sí nínú méjèèjì ẹ sá. Ti ìlú ọba rọrùn jù, ìjọba wọn ní orúkọ gbogbo àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnni ní dígírì lórí gov.uk.

Lórí ìyẹn, àjọ mẹ́ta ló lókìkí jù nínú àwọn tó ń fọwọ́ sí iléèwé òwò nìkan: AACSB, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1916, AMBA tó wà ní London, àti EFMD tó ń fúnni ní ìfọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní EQUIS. Lagos Business School tó wà ní Ajah ní ti AACSB àti ti AMBA. Ṣé dandan ni? Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá láti òkè òkun tàbí àwọn consulting lẹ fẹ́ wọ̀, ó máa ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Tó bá jẹ́ ìgbéga níbi tẹ́ẹ wà lẹ fẹ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ san ìlọ́po mẹ́wàá.

Ayédèrú sì ní àmì. Tí wọ́n bá ní àwọn máa fún yín ní MBA torí "ìrírí ayé" yín láìkàwé kankan, ayédèrú ni. Tí wọ́n bá ní oṣù mẹ́ta ló máa gbà, tí èèyàn kan sì ń pè yín lójoojúmọ́ lórí WhatsApp pé tẹ́ẹ bá san gbogbo owó lónìí àwọn á gé ìdajì kúrò, ẹ dí nọ́ńbà ẹ̀ pa. Tí àkáùntì tí wọ́n ní kẹ́ẹ sanwó sí bá sì jẹ́ ti èèyàn kan, tí kì í ṣe ti iléèwé, mi ò ní láti sọ ìyókù.

3. Àwọn ibi tó wà nílẹ̀

NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria, ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ torí owó náírà ni. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í lọ́dún 1984, ìgbà Ọbásanjọ́ ni wọ́n tó jí i padà. Ẹ ò ní máa lọ sí kíláàsì, àmọ́ ẹ máa lọ sí study centre fún ìdánwò, torí náà kẹ́ẹ mú èyí tó sún mọ́ yín nígbà tẹ́ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀. Asáìnmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní TMA ló ń kó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò kó 70. TMA yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣeré, wọ́n á ní àwọn á ṣe é lọ́la, portal á sì tì mọ́ wọn lójú.

Lókè òkun, iMBA ti University of Illinois ló yí nǹkan padà. Àwọn àti Coursera ló jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tó di ọdún 2019 ni iléèwé yẹn kéde pé àwọn ò gba ọmọ tuntun sí MBA inú kíláàsì mọ́, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn fẹ́ gbájú mọ́. Boston University náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2020 pẹ̀lú edX, 24,000 dọ́là ni wọ́n pè é nígbà yẹn, wọn ò sì béèrè GMAT, ìdánwò táwọn iléèwé òwò fi ń yan ẹni tí wọ́n máa gbà. Lójú ará Amẹ́ríkà owó pọ́ọ́kú nìyẹn. Lójú tiwa ńkọ́? Ẹ fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, mílíọ̀nù 36 náírà ni.

University of the People, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá o, wọn ò gba owó ẹ̀kọ́ lóòótọ́ àmọ́ ẹ máa san owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀sì 12 ló sì wà nínú MBA wọn. Síbẹ̀ ó ṣì rọjú jìnnà sí àwọn yòókù. Nexford, tóun náà jẹ́ yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa nílé, oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó, ẹni tó bá tètè parí ló máa sanwó kékeré, ẹni tó bá ń fà á nílẹ̀ á san án títí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ bèèrè nípa Chartered Banker MBA tí CIBN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà, àti Bangor University ní Wales jọ ń ṣe. Ní ìlú ọba, Open University àti Warwick wà pẹ̀lú àwọn míì tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, owó wọn kì í ṣe kékeré.

4. Ìwé tẹ́ẹ máa kó jọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ trànskíríptì kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan míì. Yunifásítì tẹ́ẹ ti jáde ló máa fi ránṣẹ́ tààrà, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti ní portal báyìí, portal á gbowó lọ́wọ́ yín wéré, fáìlì yín á sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ẹ máa pè wọ́n, tẹ́ẹ bá ní èèyàn nílùú yẹn kó bá yín yọjú sí ọ́fíìsì. Iléèwé tó pọ̀ lókè òkun máa ń fi èyí tẹ́ẹ fúnra yín ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ṣèpinnu ná, kí ojúlówó tó dé.

Ti orúkọ ló máa ń fa wàhálà jù fún ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan lè jẹ́ Oluwaseun lórí WAEC, kó jẹ́ Seun lórí dígírì, kí páásípọ́ọ̀tù wá gbé Michael síwájú. Obìnrin tó gba dígírì pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ̀, tó wá fi orúkọ ọkọ ṣe páásípọ́ọ̀tù, wàhálà kan náà ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni tó ń ṣọ́ yín lórí kámẹ́rà á ní kẹ́ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù sókè, tí orúkọ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ẹ fi forúkọ sílẹ̀, ó lè ní kẹ́ẹ máa lọ. Orúkọ orí páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ẹ lò fún gbogbo ẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kẹ́ẹ sì ti lọ ṣe affidavit ní kóòtù fún àwọn ìwé tí orúkọ wọn yàtọ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ yí orúkọ padà pátápátá kẹ́ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, obìnrin tó ti ṣègbéyàwó kó fi sátífíkéètì ìgbéyàwó tì í.

GMAT ńkọ́? Ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ àfi tí iléèwé tẹ́ẹ fẹ́ bá béèrè ẹ̀, ọ̀pọ̀ MBA orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti gbójú fò ó fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Tẹ́ẹ bá máa ṣe é, èyí tuntun jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, apá mẹ́ta ló ní. Ti ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ yunifásítì yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín, àwọn iléèwé kan á gba ìyẹn, wọn ò ní béèrè IELTS mọ́. Ẹni tó ní HND kó tètè bèèrè, torí àwọn kan á ní kó lọ ṣe PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú dígírì kejì, ná.

Nínú àròkọ tí wọ́n máa ní kẹ́ẹ kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé láti kékeré ni òwò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ sọ iṣẹ́ kan tẹ́ẹ ṣe, ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ àti bẹ́ẹ ṣe tún un ṣe.

5. Bẹ́ẹ ṣe máa sanwó

Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gbà á ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló dáa jù fún wa. Oṣù June 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó ń lọ bíi 460 náírà kọjá 1,500 kó tó di oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹni tó ti ṣírò MBA ẹ̀ sórí 460 mọ bó ṣe rí lára ẹ̀. Torí náà tẹ́ẹ bá ti mọ owó kọ́ọ̀sì méjì tó ń bọ̀, ẹ ra dọ́là yẹn sínú dom account, ìyẹn àkáùntì dọ́là, díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi báńkì yín bóyá ẹ lè gba Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra dọ́là lọ́wọ́ báńkì, fún owó iléèwé, pẹ̀lú lẹ́tà ìgbaniwọlé àti invoice. Káàdì náírà ò ṣeé gbọ́kàn lé, lónìí ó lè ṣiṣẹ́, lọ́la báńkì á ní kò sí dọ́là. Kẹ́ẹ sì ka òfin owó ìdápadà kẹ́ẹ tó san ti àkọ́kọ́, kẹ́ẹ mọ ọjọ́ tó pẹ́ jù tẹ́ẹ lè fi yọ kọ́ọ̀sì kúrò tí owó á sì padà wá.

6. Ohun tí wọ́n máa kọ́ yín

Accounting, finance, marketing, ọrọ̀ ajé, ìṣirò data, bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn, àti strategy tó máa ń wá lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní ni yín lára. Ìṣirò ló ń lé àwọn èèyàn kúrò, kì í ṣe pé ó le o, ó ti pẹ́ tí wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn ni.

Ẹ wo irú nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ká sọ pé ẹ ní iléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Rẹ́ǹtì, owó oṣù àti gbèsè báńkì jẹ́ 600,000 náírà lóṣù, bẹ́ẹ tà bẹ́ẹ ò tà. Báàgì kan lẹ ń tà ní 400, ọ̀rá, díísù àti omi tó wọ inú ẹ̀ jẹ́ 250. Ohun tó kù lórí báàgì kan ni 150. Ẹ fi 150 pín 600,000, ó di báàgì 4,000, iye tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ tà lóṣù kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè nìyẹn. Ó yá, díísù wọ́n, 250 di 300. Àádọ́ta náírà péré ló gorí ẹ̀, àmọ́ ohun tó kù lórí báàgì ti di 100, tẹ́ẹ bá tún un pín ẹ máa rí báàgì 6,000. Báàgì 2,000 ló lé sí i lórí àádọ́ta náírà! Ọ̀jọ̀gbọ́n á wá bi yín pé: ṣé ẹ máa fowó kún un, ṣé ẹ máa wá báàgì 2,000 tà, àbí ẹ máa dín òṣìṣẹ́ kù, kẹ́ẹ sì kọ ojú ìwé méjì láti fi gbè é. Bí MBA ṣe rí nìyẹn.

Ẹ kọ́ Excel kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ ṣe kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ná ní Coursera kẹ́ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, tó bá sú yín lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ti fi owó kékeré mọ̀.

7. Kíkà á nílé wa níbí

Ẹ wo àago. Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní Illinois, aago kan òru ni l'Ékòó láti March sí November, nígbà tí wọ́n bá sì yí àago wọn padà ó di aago méjì. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba fídíò sílẹ̀, tàbí bóyá wọ́n tún kíláàsì yẹn ṣe ní àsìkò míì, kẹ́ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ń jí aago méjì òru tó tún ń wọ BRT ní aago márùn-ún ìdájí kò ní pẹ́ wó lulẹ̀.

Inverter kékeré tó lè gbé laptop àti router ṣe pàtàkì ju tábìlì tuntun lọ. Ẹ ní síìmù méjì láti nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìdánwò tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ kì í gba àwáwí, tí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n á ní kẹ́ẹ fi kámẹ́rà yí gbogbo yàrá po, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ fún ará ilé ṣáájú, ẹ ti ilẹ̀kùn, torí ọmọ kékeré tó bá wọlé wá béèrè bisikíìtì lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Iṣẹ́ àjọṣe pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n lè pa yín pọ̀ mọ́ ẹnì kan ní India, ẹnì kan ní Texas. Ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an ni kẹ́ẹ ti sọ àwọn wákàtí tẹ́ẹ lè wà níbẹ̀ àti pé iná lè lọ, kẹ́ẹ sì tọrọ apá tẹ́ẹ lè dá ṣe kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú, kò séèyàn tó máa bínú sí yín.

Asáìnmẹ́ǹtì tí ẹ bá da sórí ChatGPT kẹ́ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iléèwé kan gbà kẹ́ẹ lò ó tẹ́ẹ bá sọ bẹ́ẹ ṣe lò ó, òmíì ò gbà rárá, inú ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì ló máa ń wà. Ẹ̀dà iṣẹ́ ẹlòmíì, Turnitin á mú un.

Ẹ ya wákàtí 10 sí 15 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé òwàǹbẹ̀ Sátidé kan máa bọ́, ìpàdé ẹgbẹ́ kan náà máa bọ́. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó yín ní iye oṣù tó máa gbà, kì í ṣe "ó máa tó parí".

8. Tẹ́ẹ bá ti fẹ́ parí

Kí wọ́n tó tẹ sátífíkéètì, wọ́n máa ń ní kẹ́ẹ yẹ orúkọ yín wò lórí portal, ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè bóyá "online" máa wà lórí ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ iléèwé kì í sí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi trànskíríptì ránṣẹ́ tààrà sí WES tàbí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́ tiyín, nígbà tí ímeèlì iléèwé yín ṣì ń ṣiṣẹ́, torí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n lè tì í pa. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí HR, pẹ̀lú ímeèlì ìjọ́sí yẹn tí wọ́n fi sọ pé àwọn máa gbà á.